Bí ẹ ṣe máa rìn yíká inú Cathedral of Learning ní Pittsburgh, títí dé ẹnu ilẹ̀kùn Fákẹ́yẹ

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó gbéra o, Cathedral of Learning kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì. Orúkọ yẹn ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Ilé ìwé ni, ti University of Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wọlé wọ́n ń jáde níbẹ̀ lójoojúmọ́, báàgì lẹ́yìn, kọfí lọ́wọ́, Cathy ni wọ́n ń pè é bí ẹni ń pe ọ̀rẹ́ wọn. Àjà 42 ló ní, gíga ẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 535, ìyẹn bíi mítà 163, tí ẹ bá sì kó gbogbo ilé tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní yunifásítì jọ ní Amẹ́ríkà ti àríwá àti ti gúúsù, kò sí èyí tó ga tó o. Ti Moscow ga jù ú lọ, ṣùgbọ́n ìyẹn ti jìnnà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ àlejò máa ń ṣe ni pé wọ́n á dúró síta wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á wọlé, wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á ní "háà!", wọ́n á jáde. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti tán. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ. Mi ò mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ Fákẹ́yẹ, agbẹ́gi ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, wà lókè níbẹ̀, mo fi í sílẹ̀ mo lọ jẹun. Ẹ̀yìn tí mo délé ni ẹ̀gbọ́n mi kan bi mí lórí fóònù pé "ṣó o rí ilẹ̀kùn Fákẹ́yẹ?", mo ní ilẹ̀kùn wo, ó kàn rẹ́rìn-ín ni. Ó dùn mí débi pé mo tún padà lọ. Bí mo ṣe rìn ín lẹ́ẹ̀kejì ni mo fẹ́ tò fún yín báyìí.

Ẹ kọ́kọ́ yan ọjọ́ dáadáa

Ohun tí gbogbo ayé ń tìtorí ẹ̀ wá síbẹ̀ ni àwọn tí wọ́n ń pè ní Nationality Rooms, yàrá 31 tí wọ́n ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí ilé ẹ̀yà kan tàbí orílẹ̀-èdè kan. Kíláàsì ni wọ́n o, wọn kì í ṣe mùsíọ̀mù. Nínú 31 yẹn, 29 ni wọ́n ṣì ń kọ́ èèyàn lẹ́kọ̀ọ́ nínú ẹ̀ títí dòní, méjì péré ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wíwò. Ẹ wá rò ó wò, tí ẹ bá lọ láàárọ̀ Túsìdeè nígbà tí sẹ́mẹ́sítà ń lọ lọ́wọ́, kí lẹ máa bá? Ilẹ̀kùn tí wọ́n pa dé, àti ohùn tíṣà nínú ẹ̀.

Èmi ò ronú dé ibẹ̀ yẹn. Mo ṣí ilẹ̀kùn kan láì kàn án, gbogbo ojú tó wà nínú yàrá ló yí padà wò mí, tíṣà wọn dákẹ́ síbẹ̀ pẹ̀lú ẹfun lọ́wọ́. Mo ní ẹ má bínú, mo rọra fà á padà, ojú sì tì mí kọjá bó ṣe yẹ.

Nítorí náà wíkẹ́ńdì ló dáa jù, tàbí ìgbà tí ilé ìwé bá wà ní ọlidé. Ẹ yẹ wẹ́bsáìtì Nationality Rooms wò lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, torí ọjọ́ àti àkókò tí wọ́n ń mú àlejò rìn máa ń yí padà. Tẹ́ ẹ bá pọ̀, ẹ kọ̀wé sí wọn ṣáájú. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa lọ láyé yín, ẹ má fi owó gáìdì pamọ́, ẹ sanwó, torí ọwọ́ gáìdì ni kọ́kọ́rọ́ wà, yàrá tí wọ́n bá tì, bẹ́ ẹ bá fẹnu họ ilẹ̀kùn kò ní ṣí. Láàárín ìparí Nòfẹ́ńbà sí ìbẹ̀rẹ̀ Jánúárì, wọ́n máa ń ṣe yàrá wọ̀nyẹn lọ́ṣọ̀ọ́ bí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣọdún nílé tiwọn, ó rẹwà gan-an, ṣùgbọ́n èrò náà máa ń pọ̀. Èmi fẹ́ràn kí ibẹ̀ dákẹ́, torí náà mi ò ní bá yín lọ nígbà yẹn.

Bàtà tó rọ̀ ni kẹ́ ẹ wọ̀. Ẹ ṣáájì fóònù yín kún, ẹ máa nílò ẹ̀ láti fi fa ohun tó wà lókè sún mọ́ yín. Ẹ ya wákàtí mẹ́ta sọ́tọ̀. Ó tán.

Kẹ́ ẹ tó wọlé, ẹ fọwọ́ kan ògiri

Ilé náà wà ní àdúgbò Oakland, láàárín Fifth Avenue àti Forbes Avenue, koríko yí i ká, ẹ ò lè ṣì í mọ̀. Ẹ rìn dé ìdí ẹ̀ kẹ́ ẹ fọwọ́ kan òkúta ara ògiri yẹn. Òkúta ẹfun tí wọ́n gbẹ́ ní Indiana ni. Aṣọ lásán ló sì jẹ́ o, irin ló wà nínú ẹ̀ tó gbé ilé ró. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí tẹ́ ẹ bá wọlé, ẹ máa bá òdì kejì ẹ̀.

Ẹni tó lálàá ilé yìí ni John Bowman, ọ̀gá àgbà yunifásítì náà nígbà yẹn. Ní 1921 ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹ̀. Ẹ mọ̀ pé Pittsburgh ìgbà yẹn, ìlú irin ni, èéfín bo gbogbo ojú ọ̀run, àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ irin wá láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè, ọmọ wọn ò sì rò pé yunifásítì kan tiwọn. Ọkùnrin yìí wá ní òun fẹ́ kọ́ ilé tó ga débi pé ibi yòówù kí ọmọ alágbàṣe dúró sí nínú ìlú, á máa rí i. Àwọn kan ní orí ẹ̀ ti dàrú. Charles Klauder láti Philadelphia ló ya àwòrán ilé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1926, àfi bí ọrọ̀ ajé gbogbo Amẹ́ríkà ṣe dojú dé ní 1929. Wọ́n ò dáwọ́ dúró. Wọ́n lọ bá àwọn ọmọ ilé ìwé, ọmọ tó tó 97,000 ló dá sẹ́ǹtì mẹ́wàá mẹ́wàá, wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìwé ẹ̀rí pé òun náà wà lára àwọn tó kọ́lé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èèyàn lẹ́kọ̀ọ́ nínú ẹ̀ ní 1931 nígbà tí ilé ò tíì parí, ní 1937 ni wọ́n wá ṣí i pátápátá.

Ẹ sì ka fèrèsé tó bá wù yín. Wọ́n ní 2,529 ni.

Commons Room: ẹ má tíì wòkè

Ẹ wọlé. Àjà kìíní ni Commons Room, gbọ̀ngàn ńlá ilé náà, wà, kì í ṣe G, torí G ni wọ́n ń pe ìsàlẹ̀ tí oúnjẹ wà, àwọn tó gba ìsàlẹ̀ wọlé máa ń rò pé àwọn ti débẹ̀, wọ́n á máa wò ó pé ṣé bí wọ́n ṣe ń ròyìn ẹ̀ nìyí. Ẹ gun òkè díẹ̀ sí i.

Tẹ́ ẹ bá ti wọ inú ẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má gbójú sókè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Òkúta pẹlẹbẹ aláwọ̀ ewé láti Vermont ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, ẹsẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún dán an. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ojú yín gun òpó kan láti ìdí ẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí dé ibi tó ti tẹ̀ sí ọ̀tún tó sì tẹ̀ sí òsì, tó lọ bá ẹnìkejì ẹ̀ lókè bí ọwọ́ méjì ẹni tó ń gbàdúrà. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ wá wo gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹsẹ̀ bàtà 52 ni láti ilẹ̀ dé òkè, gbogbo yàrá náà gba ìdajì éékà, ìyẹn tó bíi pulọ́ọ̀tì mẹ́ta, gbọ̀ngàn kan ṣoṣo o!

Ohun tí mo sọ nípa òdì kejì nìyí. Mo ní irin ló gbé ilé yẹn ró, àbí? Àwọn òpó àti òkúta tó tẹ̀ bí ọrun wọ̀nyí kò ní irin kankan nínú. Òkúta lórí òkúta ni, èyí ń ti èyí, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọgọ́rùn-ún ọdún karùndínlógún, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé ara ẹ̀. Àjà tó lé ní ọgbọ̀n wà lórí gbọ̀ngàn yìí, irin ló gbé ìyẹn, ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn fúnra ẹ̀ ò gba ìrànlọ́wọ́ irin.

Ẹ wá jókòó. Àga àti tábìlì pọ̀ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní lé yín. Ẹ tẹ́tí. Àwọn èèyàn ń kọjá, àwọn kan ń sọ̀rọ̀, àwọn kan ń fa àga, síbẹ̀ gbogbo ẹ̀ dàbí ẹni pé wọ́n fi aṣọ bò ó. Nínú àwọn ibi tó wà láàárín egungun òkúta òkè yẹn, wọ́n to táìlì Guastavino síbẹ̀, irú táìlì tó ń gbé ariwo mì. Ìdí nìyẹn tí akẹ́kọ̀ọ́ fi lè sùn síbẹ̀ kó máa han-run láì di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, mo rí ọ̀kan, ó gbé ìwé lé ojú bí ẹní jókòó sábẹ́ igi ọdán.

Kẹ́ ẹ tó kúrò, ẹ lọ wo gèètì irin. Samuel Yellin ló rọ ọ́, alágbẹ̀dẹ tó wá láti ìlà-oòrùn Yúróòpù, tó tẹ̀dó sí Philadelphia. Ẹni tó bá ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Ògún rí á mọ̀ pé òòlù ló ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ sún mọ́ ọn dáadáa, ẹ máa rí i pé àwọn tó yẹ kó jọra ò jọra tán, èyí nípọn díẹ̀ níbi tó ti ṣẹ́rí, ìyẹn tín-ín-rín. Lára òkúta náà, wọ́n gbẹ́ ewé àti òdòdó agbègbè yẹn síbẹ̀, ẹ wá wọn kiri, ọmọdé máa ń gbádùn ìyẹn.

Àjà kìíní: ẹ yí gbọ̀ngàn ká

Yàrá àwọn ẹ̀yà tó wà ní àjà yìí yí Commons Room ká, torí náà ẹ mú apá kan, ẹ máa lọ títí ẹ á fi padà síbi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sáré láti rí gbogbo ẹ̀. Ojú máa sú yín tó bá di ìkejìlá, gbogbo igi gbígbẹ́ á wá jọra. Mẹ́fà tẹ́ ẹ wò dáadáa sàn ju ogún tẹ́ ẹ yọjú sí.

Ruth Crawford Mitchell ni obìnrin tó gbé ètò yìí lórí láti 1926, ó sì tọ́jú ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí wọ́n ṣe ṣe é ni pé ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan tó wà nínú ìlú ló dá ìgbìmọ̀ tiwọn sílẹ̀, wọ́n wá owó fúnra wọn, wọ́n ránṣẹ́ sílé fún ayàwòrán ilé àti oníṣẹ́ ọnà. Mẹ́rin àkọ́kọ́ ṣí ní 1938: ti Skọ́tlándì, Rọ́ṣíà, Jámánì àti Swídìn. Òfin wà fún un o: ohun tó wà nínú yàrá gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ayé tó ṣáájú 1787, torí ọdún yẹn ni wọ́n dá yunifásítì náà sílẹ̀, wọn ò sì fẹ́ ọ̀rọ̀ òṣèlú níbẹ̀ rárá. Ibi tí wọ́n ti yọ̀ǹda àmì ìjọba ni ara òkúta tó wà lókè ilẹ̀kùn láti ìta. Nítorí náà ẹ máa gbójú sókè kẹ́ ẹ tó wọ yàrá, àmì yẹn ló máa sọ fún yín pé ilé ta lẹ fẹ́ wọ̀. Yàrá Faransé ló rú òfin ọdún yẹn, ti ayé Napoleon ni wọ́n ṣe. Ta ló lè pàṣẹ fún Faransé?

Nínú yàrá, ohun mẹ́rin ni mo máa ń wò: ilẹ̀kùn, sílíìnì, bọ́ọ̀dù, ìjókòó. Bọ́ọ̀dù pàápàá, torí ibẹ̀ ni wàhálà wọn pọ̀ sí, báwo lẹ ṣe máa fi bọ́ọ̀dù sínú ààfin ayé àtijọ́ tí kò ní dà bí ẹni tó wọ agbádá tó dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì? Oníkálukú ní ọgbọ́n tó dá sí i.

Ní ti Ṣáínà, tábìlì róbótó ló wà láàárín, tíṣà àti akẹ́kọ̀ọ́ jọ yí i ká ni, àwòrán Confucius sì ń wò wọ́n láti ara ògiri. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tóbi jù nínú gbogbo wọn. Ẹ béèrè nípa àwọn òkúta inú ẹ̀: inú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ní London ni wọ́n ti kó o wá, lẹ́yìn tí bọ́ǹbù Jámánì wó o ní 1941. Ní ti Pólàndì, ẹ wá ẹ̀dà àwòṣe ayé kékeré kan, ìyẹn globe, tó ti wà ní Kraków tipẹ́.

Ti Síríà àti Lẹ́bánónì, ẹ ò ní wọ inú ẹ̀, láti ẹnu ilẹ̀kùn onígíláàsì lẹ máa wò ó. Yàrá ìkàwé olówò kan ní Damasku ni, ti 1782, wọ́n tú u lódindi láti ilé ẹ̀, wọ́n wá tún un tò sí Pittsburgh. Ẹ fi iwájú orí kan gíláàsì díẹ̀ kẹ́ ẹ fọwọ́ bo ẹ̀gbẹ́ ojú yín kí iná ìta má baà dí yín lọ́wọ́, ẹ dúró títí ojú yín á fi bá inú ẹ̀ mu. Ẹ máa rí wúrà àti fàdákà lára pákó ògiri tó ń yọ jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá wò ó ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, yàrá dúdú kan ló rí.

Àjà kẹta

Ẹ fi àtẹ̀gùn gùn ún. Ẹ fi lífìtì sílẹ̀ fún ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ òkè pátápátá, torí láàárín kíláàsì kan sí èkejì, èrò ẹnu lífìtì yẹn dà bí ti ibùdókọ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè.

Yàrá tuntun pọ̀ lókè yìí: ti Jàpáánì, Índíà, Tọ́kì, ti Kòríà tí wọ́n ṣí ní 2015, ti Philippines tó dé kẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá ní ọmọ lọ́wọ́, ibi tí wọn ò ní gbàgbé ni Early American Room. Ilé ìdáná àwọn òyìnbó tó kọ́kọ́ tẹ̀dó sí New England ni wọ́n fi ṣe àwòkọ́ṣe, ààrò ibẹ̀ fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án. Ẹ bẹ gáìdì yín pé kó fi ọ̀nà kọ̀rọ̀ hàn yín. Pákó ògiri kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò yẹn tó jọ pákó yòókù, ohun ìdè kékeré kan wà tó fara sin, tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, pákó á là, àtẹ̀gùn tóóró kan wà lẹ́yìn ẹ̀ tó lọ sí yàrá ibùsùn lókè. Àwọn kan ní iwin ń gbé níbẹ̀. Èmi ò rí nǹkan kan, àmọ́ mi ò pẹ́ níbẹ̀ náà. Ẹ má fúnra yín máa tẹ ògiri kiri o, yàrá yìí náà wà lára méjì tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wíwò nìkan, nǹkan inú ẹ̀ ti gbó.

Ó ti wá kan ibi tí mo ń bọ̀.

Ẹ dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn Fákẹ́yẹ

Àjà kẹta náà ni African Heritage Room wà. Wọ́n ṣí i ní Dìsẹ́ńbà 1989. Gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù ní bíi ogún yàrá nínú ilé yìí, gbogbo Áfíríkà pátá ní ẹyọ kan. Ẹ má bínú sí i jù, ẹ̀yà tó bá dá owó jọ ló ń ní yàrá, àwọn tó sì dá ti Áfíríkà, ọ̀pọ̀ wọn ni àwọn dúdú Amẹ́ríkà tí wọ́n kó baba ńlá wọn lọ láì jẹ́ kí wọ́n mọ ìlú tí wọ́n ti wá, báwo ni wọ́n ṣe máa yan orílẹ̀-èdè kan? Gbogbo ilẹ̀ náà ni wọ́n mú. Èmi rí ọgbọ́n nínú ìyẹn.

Ẹ má tíì wọlé. Ẹ dúró síta ní bí ìṣísẹ̀ mẹ́rin sí ilẹ̀kùn. Làmídì Ọlọ́nàdé Fákẹ́yẹ ló gbẹ́ ẹ. Ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, tí wọ́n bí ní 1928, ìdílé agbẹ́gi, bàbá ẹ̀ gbẹ́gi, bàbá bàbá ẹ̀ gbẹ́gi. Ó tún lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé ọmọ Àrẹ̀ògún ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí Fadá Kevin Carroll ti kó àwọn oníṣẹ́ ọnà jọ, ó sì padà di olùkọ́ ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀. Ó kú ní 2009. Ẹ tún gbọ́ orúkọ yẹn, Ọlọ́nàdé. Oníṣẹ́ ọnà ti dé. Wọ́n sì ti sọ ọ́ lórúkọ yẹn kó tó mú àáké dání.

Láti ọ̀ọ́kán yẹn, ẹ wo ilẹ̀kùn náà lódindi bí ẹni ń wo aṣọ tí wọ́n tẹ́. Àwọn ìjọba àtijọ́ káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà ló gbẹ́ sára ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó ka ìwé àlàyé, ẹ gbìyànjú láti dá wọn mọ̀ fúnra yín, èwo ni ti àwọn ará Íjíbítì, èwo ni ti ibòmíì. Tẹ́ ẹ bá ṣì í, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ohun tó jọ mí lójú ni pé ìtàn ọmọ ilẹ̀ tó jìnnà sí wa nílò ojú Yorùbá kó tó dé ara ilẹ̀kùn yẹn, ọwọ́ wa ló fi sọ ìtàn gbogbo wọn.

Ẹ wá sún mọ́ ọn títí imú yín á fi fẹ́ẹ̀ kàn án, ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kàn án. Àwọn agbẹ́gi wa ní orúkọ fún bí iṣẹ́ ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn. Wọ́n á kọ́kọ́ fi àáké là á, kí orí yà sọ́tọ̀ kí ara yà sọ́tọ̀, ọnà lílé nìyẹn. Wọ́n á tún un lé, kí ojú, etí àti ọwọ́ yọ, àlétúnlé. Wọ́n á wá dán an. Èyí tó kẹ́yìn ni fínfín, wọ́n á fi ẹnu ọ̀bẹ mímú fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sí irun, sí etí aṣọ, sí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn. Fínfín yìí lẹ fẹ́ wá. Tẹ́ ẹ bá rí ibi tí ìlà wọ̀nyẹn ti sún mọ́ra, ẹ gbórí sí ẹ̀gbẹ́ kí iná kọ̀rídọ̀ lè gba ẹ̀gbẹ́ kọjá lórí ẹ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan á ní òjìji tiẹ̀. Ẹ lè fi tọ́ọ̀ṣì fóònù tiyín ṣe é tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbẹ̀, ẹ di í mú sí ẹ̀gbẹ́, ẹ má tàn án sí i lójú gan-an, tẹ́ ẹ bá tàn án tààrà, gbogbo ẹ̀ á rí pẹlẹbẹ bí fọ́tò burúkú. Mo fi bíi ìṣẹ́jú ogún duró síbẹ̀. Síkiọ́rítì kan kọjá lẹ́ẹ̀mejì, nígbà kẹta ó bi mí pé ṣé kò sí nǹkan, mo ní ẹni wa ló gbẹ́ ẹ, ó ní "òótọ́?", òun náà dúró wò ó díẹ̀.

Ìgbà yìí lẹ lè wá wọlé. Inú ẹ̀ kì í ṣe Yorùbá o, kó má baà yà yín lẹ́nu. Àgbàlá tẹ́ńpìlì àwọn Aṣanti ní Gánà, ti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, ni wọ́n fi ṣe àwòkọ́ṣe, irú àgbàlá tí wọ́n ti ń ṣe orò, tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́. Àwọn ìjókòó kan níbẹ̀, àpótí ìjókòó àwọn olóyè Aṣanti ni wọ́n wò ṣe é. Ẹ jókòó sórí ọ̀kan kẹ́ ẹ kọjú sí bọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ fojú inú wò ó pé ọmọ kan láti abúlé kan ní Pennsylvania ń ṣe ìdánwò ìṣirò láàárín ilé Aṣanti tí ọmọ Ìlá gbẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí ní Mọ́ńdè.

Tẹ́ ẹ bá rí ìdọ̀tí ẹfun lórí bọ́ọ̀dù, ẹ má nù ún, tíṣà kan lè ṣì nílò ẹ̀.

Òkè pátápátá

Ẹ wá bọ́ sínú lífìtì báyìí, ẹ tẹ 36. Ibi ilé ẹ̀kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe Honors, ìyẹn àwọn tó mọ̀wé gan-an, ni 35 àti 36, fèrèsé ibẹ̀ sì kọjú sí ìlú. Ọ́fíìsì èèyàn ni, ẹ kí wọn, ẹ béèrè pé ṣé àwọn lè yọjú, ẹ má pariwo, tí wọ́n bá ní kò ṣeé ṣe lónìí, ẹ yí padà láìjà. Tí wọ́n bá gbà, ẹ máa rí odò, afárá, òkè tí ilé lẹ̀ mọ́, ẹ ó wá mọ ohun tí Bowman ń wí nígbà tó ní kí gbogbo ìlú máa rí ilé yìí, torí gbogbo ìlú lẹ̀yin náà ń rí yẹn. Ẹ fetí sílẹ̀ tún kẹ́ ẹ ṣọ́ ojú fèrèsé: láti 2002 ni ẹyẹ peregrine, ìbátan àṣá, ti ń kọ́ ìtẹ́ sí òkè ilé náà, ẹ lè bá a níbi tó ti ń já lulẹ̀ sórí ẹyẹlé. Ẹyẹlé ò ní mọ ohun tó bá a.

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń fi àtẹ̀gùn gun gbogbo ẹ̀ fún eré ìdárayá. Mo gbìyànjú ẹ̀ dé àjà kẹsàn-án.

Tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ tún gba Commons Room jáde, kì í ṣe G, iná ibẹ̀ ti máa yàtọ̀ tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, òkúta á ti di aláwọ̀ oyin. Tó bá sì jẹ́ alẹ́ ọjọ́ tí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti yunifásítì náà borí, wọ́n máa ń tan iná wúrà sórí ilé, ẹ máa rí i látòkèèrè.

Àwọn tó sì jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì gangan ni wọ́n ń wá látàárọ̀, Heinz Memorial Chapel wà lórí koríko kan náà lẹ́yìn ilé yìí, Klauder yẹn náà ló ya àwòrán ẹ̀. Ìrìn ìṣẹ́jú méjì ni. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n ń so yìgì lọ́wọ́ níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó ti ilẹ̀kùn.